Bí Èéfín Tùràrí Ṣe Mú Wa Tún Láàbù Yà

Ọ̀rọ̀ tí mo kábàámọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ mi kò gùn rárá. Mo sọ ọ́ ní mítìnnì kan, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan tí òjò ń rọ̀, níwájú èèyàn bíi mẹ́jọ. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ohunkóhun láti sọ sí àwòrán tó wà lórí tábìlì. Mo ní, "Rárá, kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tiwa." Irọ́ ni. Nǹkan kan wà nínú àwòrán yẹn tí kò dára, mo sì rí i kedere bí ẹni rí epo lára aṣọ funfun. Ẹni tó ya ibẹ̀ ló jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi, bàbá tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Ayàwòrán ilé ni mí. Kì í ṣe ilé gbígbé ni mo máa ń yà, ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni. Àwọn ará ìjọ wa kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wọ́n á ní, "Sister Bọ́lá, ẹ bá wa ya ilé kan sí Ìbàdàn now." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé gbogbo ilé tí mo mọ̀ ọ́n yà, ṣàṣà ni ibi tí èèyàn ti lè sùn nínú wọn. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, yunifásítì kan gbé iṣẹ́ ńlá fún ilé iṣẹ́ wa: ilé kẹ́mísìrì tuntun, alájà mẹ́rin, tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Dagenham. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kẹ́kọ̀ọ́ ní ìsàlẹ̀, àwọn olùwádìí á máa ṣe tiwọn lókè. Mo ti ya láàbù sí ìlú tí mi ò mọ̀ rí, àmọ́ èyí jẹ́ èyí tí màá máa rí láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì tí mo bá ń lọ sílé ní Marks Gate. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ fún àwọn tí kò bi mí.

Bàbá tí mo ní ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Alàgbà Ṣóyẹmí, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹnjiníà afẹ́fẹ́. Ẹlòmíì lè rẹ́rìn-ín pé èèyàn ń jẹun nídìí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nínú ilé kẹ́mísìrì, afẹ́fẹ́ ni olórí iṣẹ́. Àwọn tó ń po kẹ́míkà kì í pò ó lórí tábìlì gbangba. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó ní gíláàsì níwájú ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbé gíláàsì náà sókè díẹ̀, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé á sì máa fa afẹ́fẹ́ láti inú yàrá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí èéfín olóró má baà jáde bá ojú ẹni tó dúró níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù èéfín ni èmi ń pè é. Ṣùgbọ́n ó lẹ́gẹ́. Tí afẹ́fẹ́ míì bá ń fẹ́ níwájú rẹ̀, èéfín á dàrú, á sì tú síta.

Èmi àti Dádì, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń pe Alàgbà, ti wá láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí mo dé láti Nàìjíríà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Romford ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kan tí a ń múra ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ya ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti bí a ṣe máa to àga sí ẹ̀yìn bébà ètò ìsìn. Dádì mú bébà náà, ó wò ó títí.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ya ilẹ̀kùn?"

"Yunifásítì ni sà. Architecture ni mo kà."

"O ka architecture, o wá ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó kiri ní Romford?" Ọ̀sẹ̀ náà ló kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tí mo wà títí dòní. Òun náà ló kọ́ mi pé tí mo bá wọ láàbù, kí n má kọ́kọ́ wo ibi tí èèyàn máa dúró, kí n wo ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà. Ní ọdún mi àkọ́kọ́, mo ya ibi ìfọwọ́ kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, á gbá ẹni tó ń fọwọ́ níbàdí. Dádì rí i nínú mítìnnì, kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ mu omi, ó ṣẹ́jú sí mi, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó sọ ọ́ fún mi níbẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí a padà wọlé, èmi fúnra mi ni mo ní mo fẹ́ yí nǹkan kan padà. Kò bá mi wí níwájú ẹnikẹ́ni rí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán ilé tuntun yẹn, a lọ wo èyí tí yunifásítì náà ń lò tẹ́lẹ̀. Maureen, òyìnbó ọmọ Dagenham tó ti ń tọ́jú láàbù wọn láti ìgbà èwe rẹ̀, ló mú wa yí ká. Ó fi kọ́bọ́ọ̀dù kan hàn wá tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí gíláàsì rẹ̀.

"Tí bébà yìí bá ń fẹ́ lọ sínú, ẹ̀rọ ń fà nìyẹn," ó ní. "Tó bá rọ̀ wálẹ̀, mo máa ń lé àwọn ọmọ síta."

Mo bi í bóyá òórùn kẹ́míkà kì í dà á láàmú. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́, imú mi ti kú tipẹ́. Ọkọ mi ní láti máa bá mi gbóòórùn mílíìkì bóyá ó ti kan." Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí á sáà rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Dádì ló dá a lóhùn, ó ní òun ṣèlérí. Mo rántí ìlérí yẹn dáadáa, torí mo wà níbẹ̀.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé nígbà tí àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n ní kí á dín gíga àjà kọ̀ọ̀kan kù. Ó di dandan kí Dádì tún ọ̀nà gbogbo páìpù afẹ́fẹ́ rẹ̀ yà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ìkánjú yẹn, ó gbé àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà já bọ́ láti àjà lọ sí ibi tí àyè wà. Ní láàbù àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù èéfín méjìlá tò sí ara ògiri, àwọn ihò náà bọ́ sí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù gan-an. Afẹ́fẹ́ á máa já lu ẹnu wọn. Kò ní sí ọjọ́ kan tí èéfín kò ní tú sí ojú àwọn ọmọ.

Mo rí i ní mítìnnì Wẹ́sìdeè yẹn, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé àwòrán náà sórí ògiri. Claire, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà, bi gbogbo wa léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Claire kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo gbọ́ ọ tó ń bi ẹnì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá Mr Ṣóyẹmí ṣì lè bá eré iṣẹ́ náà dọ́gba. Iṣẹ́ yìí ni Dádì máa fi fẹ̀yìn tì. Mo wo orí rẹ̀ tó funfun, mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi bo kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀, mo sì ní kò sí wàhálà. Ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ ni àwòrán máa lọ sọ́dọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé páìpù. Mo sọ fún ara mi pé màá wá ọ̀nà sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, bí òun náà ti ṣe fún mi.

Ọjọ́ Friday, mo pè é. Mo béèrè orúnkún rẹ̀. Mo béèrè Mọ́mì, ìyàwó rẹ̀. Mo béèrè ọmọ ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín. Mo béèrè eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bọ́lá," ó ní, "hope no problem?"

"Rárá o sà. Kí n kàn kí yín ni." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì bú ara mi ní ilé ìdáná.

Inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Barking ni ìjọ wa wà. Aládùúrà ni wá, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì nígbà òtútù London á mọ ìdí tí ìjọ fi ra hítà tuntun, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná láti òkè. Dádì ni ẹnjiníà ìjọ, òun ló yan ibi tí wọ́n gbé e kọ́, níwájú pẹpẹ, kí òtútù má baà pa àwọn àgbà. Sunday yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tàn án. Nígbà tí wọ́n gbé tùràrí jáde, èéfín rẹ̀ tó máa ń lọ sókè wọ́ọ́rọ́wọ́ kò lọ sókè mọ́. Ó wálẹ̀, ó yí, ó sì kọjú sí àwọn akọrin. Àwọn olóhùn òkè ló kọ́kọ́ wúkọ́, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ sì dá wọn lóhùn. Kò sí ẹni tó parí orin náà. Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ funfun wọn, èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà fún mi.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Dádì ní ibi tí a ń kó bàtà sí. Ó jókòó lórí àga, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

"Dádì, ẹ kú ìsìn sà. Hítà yẹn mà gbóná o."

"Ó gbóná, ṣùgbọ́n mo gbé e síbi tí ò dáa. I will move it this week."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo kàn ń rò ó ni. Tí afẹ́fẹ́ bá ń já bọ́ níwájú ibi tí èéfín wà, èéfín yẹn ò lè lọ síbi tó yẹ kó lọ."

"That one is basic, Bọ́lá."

"Yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o sà, yálà níbòmíì."

Ó dúró, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. "Níbòmíì bíi ibo?"

Mo ń wo bàtà àwọn èèyàn. Bàtà pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Bọ́lá. Ṣé tùràrí lò ń fi bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Ó wo òkè, ọ̀nà hítà, ó tún wo ìsàlẹ̀. Mo rí i bí ó ti ń fi ojú inú ṣí àwòrán náà ní ojú ewé ní ojú ewé. "Teaching lab," ó ní, kì í ṣe fún mi, fún ara rẹ̀ ni. "Those twelve cupboards. Ah. Jésù." Ó yíjú sí mi. "Ìgbà wo lo rí i?"

"Wednesday, sà. Nínú meeting."

"O rí i on Wednesday. O wá pè mí on Friday, o ń bi mí ní orúnkún?"

"Ẹ má bínú sà." Mo kúnlẹ̀ láàárín bàtà.

"Dìde, jọ̀ọ́. Ṣé èmi ni mo máa dúró síwájú cupboard yẹn ni? Àwọn ọmọ tó máa fa nǹkan yẹn símú ni kó o lọ kúnlẹ̀ fún. Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín níwájú Claire sà. Ẹ̀yin náà ò bá mi wí níwájú èèyàn rí. Nígbà tí mo ya ibi ìfọwọ́ yẹn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnu àtẹ̀gùn lẹ ti sọ fún mi."

"Ó dáa. Lẹ́yìn tí mo rí i, ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi dúró kí n tó pè ẹ́ jáde?"

Mo rò ó. "Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdajì ohun tí mo kọ́ ẹ lo mú, o fi ìdajì yòókù sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ti rò pé ìbínú ló máa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ojú sókè, omi ló wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo ṣèlérí fún obìnrin yẹn. Imú tiẹ̀ ti lọ, mo sì ṣèlérí fún un." Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá yìí bíi bàbá tó bí mi, mo sì ti fẹ́ fi ìfẹ́ yẹn ba iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́. Mo sunkún níbẹ̀, ẹnì kan tó ń wá bàtà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi láìbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

A ò tiẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. A wọ mọ́tò rẹ̀ lọ sí ilé wọn ní Dagenham Village, a sì tẹ́ àwòrán sórí tábìlì ìjẹun ní ọ̀sán gangan. Mọ́mì gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, kò rí ibi gbé e sí.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé bébà yìí lẹ fẹ́ jẹ ni?"

"Bọ́lá ti fún mi ní nǹkan jẹ lónìí," Dádì ní. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Ó yọ pẹ́ńsùlù, ó nà án sí mi. Ó ní kí n ya ohun tí mo rò. Mo ní kí á mú àwọn ihò yẹn kúrò pátápátá, kí á fi àjà oníhò wẹ́wẹ́ sí ọ̀nà àárín yàrá, ibi tó jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù, kí afẹ́fẹ́ máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìrì dípò kó máa já. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mi. Lẹ́ẹ̀mejì ló ní, "Kò lè ṣe é ṣe," lẹ́ẹ̀mejì ló tún parẹ́ ohun tó kọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ṣe é ṣe, ìkọ́kọrẹ́ sì ti tutù.

Láàárọ̀ Monday, Dádì fúnra rẹ̀ ló pe mítìnnì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí á kàn fi àwòrán tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kí á má ṣe àlàyé púpọ̀. Kò gbà. Ó dìde dúró níwájú Claire àti gbogbo wọn, ó ní òun ṣe àṣìṣe, ó fi ìka tọ́ka sí i, ó sọ ohun tí ì bá ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní èmi ni mo rí i. Claire wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní òun ti ń darí iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ò rí ẹni tó dìde sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láìjẹ́ pé wọ́n fà á dìde. Láti ọjọ́ náà, kò tún bi ẹnikẹ́ni nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bóyá Mr Ṣóyẹmí lè bá eré dọ́gba.

Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú, Dádì fi nǹkan kan kún bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí a tó pa àwòrán kankan dé, á yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn, á ní, "Bọ́lá, tùràrí ńkọ́?" Dandan ni kí n sọ ohun tí mo rí, ì báà korò. Nígbà tó yá, Claire náà ti kọ́ ọ. Tí Dádì bá gbàgbé, òun ló máa ń sọ pé, "Turari nko?" bí ẹni ń pe orúkọ oògùn.

Dádì ti fẹ̀yìn tì kí ilé náà tó parí. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa dán láàbù wò, mo ní kí wọ́n pè é. Ó wọ fìlà, ó fi ọ̀pá rìn. Maureen náà wá, ó mú odindi róòlù tíṣù lọ́wọ́, ó sì lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjìlá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò tú èéfín funfun síwájú èyí àkọ́kọ́. Èéfín náà gbéra, ó tẹ̀ síwájú, ó sì wọ abẹ́ gíláàsì lọ láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó dán mẹ́rin wò bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló wọlé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Dádì gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Olúwa o ṣé. It is finished." Claire ti yọ bírò láti buwọ́ lu ìwé.

Dádì wá yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn. "Bọ́lá, tùràrí ńkọ́?"

Àárín ìlà kọ́bọ́ọ̀dù ni mo wà. Níwájú mi, bébà tíṣù nọ́ńbà méje rọ̀ wálẹ̀, kò mì. Mo wo bàbá náà, ayọ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn tó yí i ká.

"Ó ku ọ̀kan, sà," mo ní. "Nọ́ńbà méje ò fà."

Dádì rìn wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ bébà náà torí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó wò ó. Ó nàró. Ó ní, "Claire, put that pen away. My daughter has seen something."

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ ló há nínú páìpù. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n tú u. Bébà náà gbọ̀n díẹ̀, ó gbéra, ó sì tẹ̀ sínú bíi ti àwọn tó kù. Maureen sọ "Ẹ wò ó," lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Dádì ṣì dúró síwájú nọ́ńbà méje. "Ìṣẹ́jú mélòó lo fi dúró?" ó ní.

"Kò tó ìṣẹ́jú kan, sà."

Mo kúnlẹ̀ kí i lórí ilẹ̀ láàbù tuntun náà, níwájú gbogbo wọn. Lọ́tẹ̀ yìí kò ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé mi lórí.